Bàálù tí Akínwándé Rí, tí Èmi Kò Rí

Yéè, Akínwándé! Ṣé bí o ṣe máa lọ nìyẹn? O ò dúró gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bí iṣu gbígbóná, mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú dànù. Nígbà tí mo máa fi ṣe tán láti sọ ọ́, ikú ti ṣíwájú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé yìí, níwájú aya rẹ, níwájú ọmọ rẹ, níwájú gbogbo ìjọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin abánikẹ́dùn, èmi ni Ọláyínká, ẹni tí ẹ mọ̀ sí Bọ̀dá Láyí. Oṣù mẹ́fà péré ni mo fi ju Akínwándé lọ. Lójú àwọn ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà yìí, ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Norcross, tó bi mí ní ọdún àti oṣù tí wọ́n bí mi, tó sì fi ìka ọwọ́ ṣírò rẹ̀, kò pè mí lórúkọ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí, "ẹ" ló sì ń lò fún mi, àní nígbà tí inú bá ń bí i pàápàá. Mo gba ipò náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà lò ó ni ẹjọ́ tí mo wá rò lónìí.

Akínwándé, ọkùnrin gíga tí ń tẹrí ba kó tó wọ ilé ẹnikẹ́ni! Onísùúrù tó wa fọ́kílíìfù, ẹ̀rọ agbẹ́rù, fún ọdún méjìdínlógún ní ilé ìkẹ́rùsí ní McDonough, tí kò fi ẹ̀rọ gbá ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ Bùsọ́lá, bàbá Tómi. Ẹni tí ń gbé àga ṣọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ láìjẹ́ kó dún. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Akínwándé jágbe mọ́ òun rí. Gbogbo ohùn rẹ lo fi pamọ́ de ọjọ́ Sátidé, nítorí ọjọ́ Sátidé lo máa ń lọ wo bàálù.

Ìwọ lo kó mi wọ iṣẹ́ náà. Ẹ rántí ọdún tí ìyàwó mi ń bọ̀ láti Èkó, tí bàálù rẹ̀ pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta. Èmi ti ṣetán láti sùn sínú mọ́tò. Wándé ní ká gun orí ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ kan nítòsí pápákọ̀ òfúrufú, ká lọ gba atẹ́gùn. A dé òkè, mo wò, mo rí ojú ọ̀run àti irin. Ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ tuntun hàn mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! This one is coming from Amsterdam. Ẹ sáà wo ìrù ẹ̀." Mo bi í pé ta ni ó mọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ẹnì kankan. Mo rò nínú ara mi pé iṣẹ́ alẹ́ tó ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí ti ń dà á láàmú.

Ṣùgbọ́n Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi gan-an ni mo pè é láàárọ̀. Láti ìgbà náà, a di ọmọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjì. Ó ní àga méjì tó ṣeé ká, awò kan tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, kúlà tí Bùsọ́lá máa ń kó dùndú àti ata sí, àti ìwé kékeré tó ń kọ gbogbo bàálù sí: àkókò tó balẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀, ibi tó ti ń bọ̀, àti irú bàálù tó jẹ́. Bí ọ̀kan bá balẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ kú ìrìn o!" Bí ọ̀kan bá gbéra, "Ẹ lọ ire o, ẹ bá wa kí wọn nílé!" Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Wándé, Ohio ni bàálù yẹn ń lọ. Ilé ta ni ó wà ní Ohio?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará Ohio náà nílé."

Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá wá bá wa lókè yẹn ńkọ́? Ó rí àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú méjì pẹ̀lú awò àti ìwé, tí wọ́n kọjú sí pápákọ̀ òfúrufú. Ó bi wá pé kí là ń ṣe. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ láti kékeré fò lọ, àní mo ti ń ronú ẹni tó máa bá mi gbé mọ́tò mi wálé. Ìwọ dìde, o tẹrí ba díẹ̀, o ní, "Good morning, sir. We are welcoming them." Ọlọ́pàá ní, "Welcoming who?" O ní, "Everybody, sir." Kò pẹ́, o ti ní kó sọ irú bàálù tó ń bọ̀ lókè. Ó sọ ọ́, kò tọ̀nà. O ní, "Nearly, sir." Kó tó lọ, ó ti jẹ dùndú méjì.

Wàyí o, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe tóbi tó, ó yẹ kí ẹ mọ 757 àti 767. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn bàálù méjèèjì. 757 tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ga. 767 fi ara jù ú lọ. Wándé ní ẹni tí kò bá mọ ti ara kó wo ti ẹsẹ̀. Tí 757 bá ń bọ̀ wá balẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń rọ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Ti 767, táyà iwájú ló ń rọ̀ sílẹ̀, bí ọkọ tó pẹ́ níta tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ́ wọlé. Ọmọ ọdún márùn-ún lè rí i, bí ojú rẹ̀ bá dá ṣáká.

Ojú tèmi kò dá ṣáká mọ́. Èmi tí mo fi ogún ọdún ya fọ́tò egungun ènìyàn ní ilé ìwòsàn ní Decatur, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ra awò ojú, mo fi pamọ́ sínú mọ́tò. Tí a bá dé òkè, etí ni mo máa ń fi wo bàálù, mo sì máa ń dúró kí Wándé kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí n tó ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn."

Báyìí ni àna mi, bàbá ọkọ ọmọ mi, ṣe wá kí wa láti Ìbàdàn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá fẹ́ kí àna rí òun. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi sọ fún wọn pé kò sí bàálù tí n kò dá mọ̀. Nígbà tó di Sátidé, mo mú wọn gun òkè, mo gbé àga tèmi fún wọn, mo dìde dúró bí olùkọ́. Bàálù kan yọ láti ìlà oòrùn. Ohun tí mo rí kò ju àwọsánmà tó ní ìyẹ́ lọ. Mo na ọwọ́, mo ní, "767!" Àna mi pàtẹ́wọ́: "Háà, àna mi, ẹ mọ̀ ọ́n o!"

Akínwándé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 757 ni o. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀."

Ara mi gbóná láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ní, "Wándé, ṣé irọ́ ni mò ń pa ni? Níwájú àna mi?" Ó ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n, I'm just saying..." Mo ní, "You're just saying kí ni?" Mo ká àga tí àna mi jókòó lé, kí àna mi tó dìde tán. Mo kó ẹrù sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé mo ti gbé kúlà Wándé mọ́ ẹrù mi, tòun ti dùndú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tìbínú-tìbínú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni àṣírí tú sí mi lọ́wọ́. Àna mi ti ya fọ́tò bàálù yẹn sórí fóònù wọn. Wọ́n gbé e fún mi, mo wọ awò ojú mi, mo wò. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Táyà ẹ̀yìn rọ̀ sílẹ̀ kedere. 757 ni, kò ní àríyànjiyàn. Mo ní, "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fọ́tò yìí rẹ́." Wọ́n ní, "Kí ló dé? Òun ló mọ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo yà!" Wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí ní Ìbàdàn, wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé èyí ni 767 tí àna àwọn fi han àwọn. Títí di òní, odindi agbo ilé kan wà ní Ìbàdàn tí wọn kò dá 757 mọ̀, èmi ni mo sì fà á.

Ó yẹ kí n pè é lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàálù, ọ̀rọ̀ ìwà ni, pé àbúrò kì í já ẹ̀gbọ́n ní koro níwájú àna. Bùsọ́lá wá bẹ̀ mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nítorí bàálù?" Mo ní, "Bùsọ́lá, kì í ṣe bàálù." Irọ́ ni mo pa. Bàálù ni. Oṣù mẹ́ta gbáko, bí Wándé bá tẹrí ba kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń wo àjà ilé bí ẹni tó ń ka fáànù.

Àwọn àgbà ìjọ wá pè wá jókòó lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ẹ rántí. Wọ́n ní kí èmi kọ́kọ́ rojọ́, nítorí èmi ni ẹ̀gbọ́n. Mo rò ó dáadáa, mo fi ọ̀rọ̀ àna ṣe òpó rẹ̀. Bàbá kan lára wọn bi wá pé, "Bàálù tí ẹ ń jà lé lórí yìí, ṣé ó ti balẹ̀?" A ní ó ti balẹ̀. "Ẹnikẹ́ni fara pa?" A ní rárá. "Kí wá lẹ̀ ń jà fún?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan Wándé láti sọ tirẹ̀, ó ní òun ò ní ẹjọ́ kankan. Wọ́n dá a lẹ́bi. Wọ́n ní bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, kò yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀, kó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó bọ́ kóòtù súùtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ó na gbogbo gígùn ara rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ohun tí ẹ bá rí náà ni mo rí."

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ nígbà yẹn. Fọ́tò ti fi hàn mí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo jókòó sórí àga, mo wo ẹ̀yìn orí ọkùnrin tó jàre, mo ní, "Dìde, mo ti gbọ́." Kò tán síbẹ̀ o. Mo tún gbà á níyànjú! Mo sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìrẹ̀lẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Wándé ti wà lókè pẹ̀lú àga méjì. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́ láé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí 757 bá ń bọ̀, á dákẹ́. Gbogbo bàálù yòókù ló máa ń dárúkọ. Ti 757, á di bírò mú, á máa wo ọ̀nà ibòmíràn, títí èmi á fi sọ ọ́. Mo ti ń wọ awò ojú mi nígbà náà. Mo máa ní, "757." Á ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò iye ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún mi, tí n kò wọlé.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síbẹ̀ láti sọ ọ́. Ní àkọ́kọ́, Tómi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, nọ́ọ̀sì ń wọn ìfúnpá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwa méjì péré ni. Mo wú ikọ́, mo ní, "Wándé, ọjọ́ tí àna mi wá yẹn..." Ó gbé ìka sókè. Bàálù kan ń kọjá lókè ilé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́. Kí lẹ rò pé ó jẹ́?" Mo tẹ́tí, mo ní, "Mi ò mọ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Èmi náà ò mọ̀." Oorun gbé e lọ. Mo ní màá padà wá lọ́la.

Tómi ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì: "Uncle Láyí, Daddy ti lo." Ọmọ náà kì í pe Yorùbá rẹ̀ bó ṣe yẹ, a sì máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnnì mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bùsọ́lá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí, ó sì kó àwọn ìwé bàálù Wándé fún mi, kí n lè rí nǹkan sọ. Ìwé méje ni. Mo mọ ojú ewé tí mò ń wá. Mo rí Sátidé náà, gbogbo bàálù tò lẹ́sẹẹsẹ ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó mọ́ roro. Mo dé orí bàálù tiwa: àkókò wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, ibi tó ti ń bọ̀ wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kó kọ irú bàálù tó jẹ́ ṣófo. Mo yẹ ìwé méjèèje wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun nìkan ni àlàfo tó wà níbẹ̀. Kò lè kọ 767, nítorí kì í purọ́. Kò sì kọ 757, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo bi Bùsọ́lá bóyá ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní òun bi í léèrè rí, ó sì dáhùn pé, "Ti Ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Wọ́n máa kọ ọ́ tó bá yá."

Mo ti kọ ọ́, Wándé. Nọ́ńbà náà wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Mo ti pe àna mi ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Wọ́n bínú díẹ̀, nítorí wọ́n ti fi férémù sí fọ́tò náà.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀yin ará, nígbà tí a bá dé itẹ́ òkú, bí ẹ bá rí arúgbó kan tó nà gbọọrọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ambulance. Èmi ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Òótọ́ ni. Àgbà kì í sì í jókòó kí àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ọ̀dọ́kùnrin méjì ṣáà dúró nítòsí mi, nítorí eékún mi mọ ọ̀nà ilẹ̀ ju ọ̀nà òkè lọ. Kí ẹ má sì tètè gbé mi dìde. Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Akínwándé, ẹni tó mọ òótọ́ tó sì fi ìfẹ́ dákẹ́, mo tọrọ àforíjì. Sùn re o, àbúrò mi. Ìwọ lo jàre.